Ẹsẹ̀ Wa Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Ìparí oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró ní Gbọ̀ngán. Àsìkò yẹn gan-an ni kòkó ń pọ́n jù lọ nínú àwọn oko tó lọ láti ibẹ̀ dé ìhà Ìkirè àti Àpòmù, tí iṣẹ́ sì ń kún ọwọ́ àgbẹ̀: wọn á ká a, wọn á fọ́ ọ, wọn á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọn á sá a. Ìrìn pọ̀ lásìkò náà ju ìgbà mìíràn lọ. Ilẹ̀ ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ń gbẹ, ẹsẹ̀ kò sì ráyè sinmi. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa dé ní oṣù Kejìlá, gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti là débi pé ó ń há aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà náà ni wọ́n tó máa rántí pé àwọn ní ẹsẹ̀, tí wọn yóò sì sáré lọ ra òrí. Òrí dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí wọ́n tó rà á. Oṣù Kẹwàá ló yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ṣì wà nínú awọ.

Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ yàtọ̀ sí awọ ara yòókù. Ìpele òkè pátápátá, tí í ṣe awọ tó ti kú tó ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ní apá àti ní ikùn. Ní gìgísẹ̀, ó lè nípọn ju mìlímítà kan lọ. Nípọn tó nípọn yẹn ni ààbò wa, òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má jáde. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní irun, kò sì ní àwọn àpò kéékèèké tó máa ń sun epo sí awọ níbòmíràn lára. Òógùn nìkan ló ní, ó sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò òógùn ló wà lórí ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Omi ni ẹsẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe epo. Bí afẹ́fẹ́ bá wá gbẹ ju awọ lọ, omi yẹn yóò máa fò lọ kíákíá ju bí ara ṣe lè dá a padà.

Afẹ́fẹ́ tó gbẹ jù lọ nínú ọdún wa ni ọyẹ́. Láti aṣálẹ̀ Sahara ló ti ń fẹ́ bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú eruku tó ń kó bọ̀ sì wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ kí ó tó gbẹ. Kí ó tó dé ilẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ti rin ìrìn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì kan òkun kankan lọ́nà. Ètè ló kọ́kọ́ ń sọ fún wa pé ó ti dé. Ẹsẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀ pẹ́ jù.

Ìdí tí ó fi jẹ́ pé gìgísẹ̀ ló ń là, tí kì í ṣe àárín àtẹ́lẹsẹ̀, ni ìwúwo. Ọ̀rá rírọ̀ kan wà lábẹ́ egungun gìgísẹ̀ tó máa ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nígbàkígbà tí a bá gbé ara lé e. Bí awọ tó yí i ká bá rọ̀, yóò fà tẹ̀ lé e, yóò sì padà sípò. Bí ó bá ti gan, kò lè fà. Ńṣe ni yóò ya. Bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, irú sílípáàsì tí gbogbo wa ń wọ̀, kò ní ohun tó di ọ̀rá náà mú, ó kàn ń tẹ́ jáde bó ṣe wù ú ni. Ẹni tó sanra, ẹni tó lóyún, àti ẹni tó ń dúró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ nídìí àtẹ ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gìgísẹ̀ tó là bú obìnrin pé ó jẹ́ ọ̀bùn. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, ó sì máa ń dùn mí, nítorí iṣẹ́ àṣekára ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ní ọdún 1952, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Irvin Blank, tẹ ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Awọ líle tí wọ́n gé lára ẹsẹ̀ ló lò. Nígbà tí ó ti gbẹ, ó fi epo rẹ ẹ́. Kò rọ̀, bó ṣe gan náà ló ṣì gan. Nígbà tí awọ náà rí omi, ó rọ̀. Omi ló ń sọ awọ di rírọ̀, iṣẹ́ epo ni láti ti ilẹ̀kùn mọ́ omi náà kí ó má bàa jáde. Àwọn tó ń fi awọ ẹran ṣiṣẹ́ ọnà mọ èyí tipẹ́tipẹ́, torí omi ni wọ́n fi máa ń rẹ awọ kí wọ́n tó ká a. Ẹni tó bá fi òrí pa ẹsẹ̀ tó ti gbẹ koránkorán, ìta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ omi sí.

Omi ni kó ṣáájú, kí òrí tẹ̀ lé e. Ní alẹ́, ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú báàfù, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi gbígbóná kò dára, nítorí ńṣe ni ó máa ń fa ìwọ̀nba ọ̀rá tó wà láàárín ìpele awọ jáde, tí ẹsẹ̀ yóò sì tún gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ tó le jù ń ṣe bákan náà; ọṣẹ dúdú tí eérú rẹ̀ pọ̀ wà lára wọn, kì í ṣe ohun tí a ń fi fọ gìgísẹ̀ tó ti là. Ẹ wá mú òkúta ìfọsẹ̀ oníhò wínníwínní, kí ẹ rọra fi ha ibi tó le. Ẹ má retí pé kí gbogbo rẹ̀ kúrò lálẹ́ ọjọ́ kan. Awọ tí ẹ bá fi ipá bó, ara yóò tún un ṣe ní èyí tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí yóò rò pé ìyà ń jẹ ibẹ̀. Ẹ fi aṣọ nu ẹsẹ̀, pàápàá láàárín ọmọ ìka. Nígbà tí ọ̀rinrin omi ṣì kù lára gìgísẹ̀ ni kí ẹ fi òrí pa á, tàbí àdín, tàbí Vaseline, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tí owó yín ká ni kí ẹ lò. Bí awọ bá ti nípọn gan-an, ìpara tó ní yúríà nínú wà ní ilé ìtajà oògùn, ó sì máa ń fa omi sínú awọ ju òrí lọ. Ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe yúríà, ó sì wà nínú awọ tó lera.

Ẹ má fi ìpara kankan sí àárín ọmọ ìka. Ibẹ̀ kì í gbẹ. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ó máa ń tutù jù, àgàgà fún ẹni tó ń wọ bàtà òjò lọ sóko, ọlọ́kadà tó ń wọ bàtà pípa mọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, àti ọmọ iléèwé tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò gbẹ dáadáa. Awọ ibẹ̀ á funfun, á máa rà, á máa yún, á sì máa rùn. Ẹbí kan náà ni kòkòrò tó ń fà á àti èyí tó ń fa làpálàpá lára ọmọdé. Oògùn pípa fún làpálàpá tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì ń pa á, bí a bá lò ó fún iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń dá a dúró lọ́jọ́ tí yíyún bá ti lọ, kòkòrò náà á sì tún hù padà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn ọmọ Hausa tó ń gé èékánná kiri. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kì í dé. Ìró sísọ́ọ̀sì wọn ni a kọ́kọ́ ń gbọ́. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ran àgbàlagbà tí kò lè tẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ sísọ́ọ̀sì kan náà ló ń ti ẹsẹ̀ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, wọ́n sì tún máa ń fi abẹ fá gìgísẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B lè gba ojú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ìdajì ẹ̀kán wọlé, kòkòrò inú èékánná náà sì lè bá irin lọ. Ẹ ra sísọ́ọ̀sì tiyín, kí ẹ gbé e fún wọn nígbà tí wọ́n bá dé, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ fún wọn. Kí wọ́n gé èékánná gbọọrọ, kí wọ́n má gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú ẹran, kí wọ́n má sì fi abẹ kan gìgísẹ̀ rárá.

Oṣù Kejìlá tún ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀ jù, làlì náà á sì máa tàn lẹ́sẹ̀ àwọn ìyàwó. Ewé làlì gidi, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń pupa bí igi ìrosùn, kì í sábà pa awọ lára. Èyí tó dúdú kirikiri tó sì ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n sábà máa ń po aró tí a fi ń pa irun láró mọ́ ọn, aró náà sì lè mú kí ẹsẹ̀ lé ròrò kí ó sì bó, kí àpá òdòdó náà wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Ní ọdún 1898, ní Cairo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Arthur Looss ń ṣiṣẹ́ lórí aràn kan tó máa ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Omi tí ọmọ aràn náà wà nínú rẹ̀ kán sí i lọ́wọ́. Ojú ibẹ̀ pupa, ó sì yún. Nígbà tó yá, ó rí ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe mọ̀ pé aràn yìí ń gba awọ wọlé, kò nílò ẹnu. Láti ẹsẹ̀, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, á gun ọ̀nà ọ̀fun, a ó sì gbé e mì. Ilẹ̀ tútù tí igi ṣíji bò, tí ẹnì kan ti yàgbẹ́ sí, ni ibùgbé tó wù ú jù. Abẹ́ igi kòkó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀nà oko ti ń ku eruku ṣùgbọ́n tí ìdọ̀tí ewé abẹ́ igi ṣì tutù. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ kó kòkó jọ láìwọ bàtà lè máa rẹ̀, kí ojú rẹ̀ funfun, kí wọ́n máa pè é ní ọ̀lẹ. Oògùn aràn tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba kò wọ́n. Bàtà ni kò jẹ́ kí ó padà wá.

Jìgá ní tirẹ̀ fẹ́ràn iyanrìn gbígbẹ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Brazil ni ó ti wá, nínú iyanrìn ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Thomas Mitchell tó gúnlẹ̀ sí Angola ní ọdún 1872, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn kálẹ̀ gba etíkun àti ojú ọ̀nà àwọn oníṣòwò. Abo rẹ̀ máa ń ri ara mọ́ awọ lẹ́bàá èékánná, a máa wú títí yóò fi tó ẹ̀wà kékeré, tí ojú dúdú kan á wà láàárín. Ìyá tó fi abẹ́rẹ́ kan náà yọ jìgá lẹ́sẹ̀ ọmọ mẹ́ta ti lè gbé àrùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí òmíràn. Kí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ tuntun, kí ẹ sì béèrè bóyá ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì. Jìgá àti ìṣó tó gún ni lẹ́sẹ̀ jọ jẹ́ ọ̀nà tí àrùn yẹn ń gbà wọlé.

Àwọn àgbà tó ń ka ìwé yìí yóò rántí sòbìà. Àrùn ẹsẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òun náà. Bí omi inú kànga àti odò kéékèèké bá ti ń fà, àwọn kòkòrò tó ru ọmọ sòbìà á kó jọ sínú ìwọ̀nba omi tó kù. Ẹni tó bá mu ún lọ́dún yìí, ìwọ̀n ọdún kan lẹ́yìn náà ni aràn tó gùn tó mítà kan yóò dá ihò sí i lẹ́sẹ̀, lákòókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n wá àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà, wọ́n rí àwọn tó lé ní 650,000. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga ẹ̀rọ, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti abúlé dé abúlé ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè wa tẹ́lẹ̀, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé àwọn abúlé tó ní in láti rọ àwọn ènìyàn. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn ní Ìpínlẹ̀ Enugu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Mo mú un wá síbí nítorí àwọn tó ń sọ fún mi pé bí Ọlọ́run ṣe dá ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń gé ẹsẹ̀ ènìyàn wa lónìí ni àtọ̀gbẹ. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ jẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ̀ lókè. Àwọn iṣan tó ń pàṣẹ fún òógùn náà á kú. Ẹsẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ kì í làágùn mọ́, ọdún yípo ni ọyẹ́ fi ń fẹ́ lára rẹ̀. Gìgísẹ̀ á là, kò ní dùn ún, ìdọ̀tí á wọ ibẹ̀. Ó lè fi ẹsẹ̀ òfìfo rìn lórí títì ọlọ́dà ní ọ̀sán gangan kí ó má mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti jóná. Ó lè wọ bàtà tí òkúta wà nínú rẹ̀ láti Gbọ̀ngán dé Ifẹ̀.

A máa ń sọ pé bí eku bá ń jẹ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sùn, ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí onítọ̀hún má bàa jí. Ní ọdún 2005, àwọn dókítà ní Tanzania kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ tí eku jẹ lẹ́sẹ̀ lóru tí wọn kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kì í ṣe pé eku fẹ́ ohunkóhun. Iṣan ẹsẹ̀ ló ti kú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, kí wọ́n tọ́jú egbò náà, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yẹn kan náà.

Dókítà Paul Brand ṣiṣẹ́ láàárín àwọn adẹ́tẹ̀ ní Vellore, ní ilẹ̀ India, láti àwọn ọdún 1940. Nígbà náà, gbogbo ayé gbà pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka kúrò. Brand rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀tẹ̀ pa ìmọ̀lára, iná, bàtà, ìṣó àti iṣẹ́ òòjọ́ ló wá ń ba ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora jẹ́. Bí wọ́n bá fi ojú ṣọ́ ohun tí ara kò lè ṣọ́ fún wọn mọ́, ẹsẹ̀ wọn ń wà. Ìmọ̀ yẹn ni gbogbo ìtọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ dúró lé lórí títí dòní.

Ìdánwò kan wà tí kò gba owó kankan. Ní ìlú Ipswich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Kí bàbá tàbí ìyá dùbúlẹ̀, kí wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n di ojú wọn. Kí ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti mọ̀ pé a fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n sọ ẹsẹ̀ tó jẹ́, ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ wá fi orí ìka ìfábẹ̀là kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn, lẹ́yìn náà ọmọ ìka tó kéré jù, lẹ́yìn náà ti àárín, ní ẹsẹ̀ méjèèjì; gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Kí ọwọ́ yín fẹ́rẹ́, kí ó má ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má rìn ín, nítorí iṣan tó jìn sísàlẹ̀ lè gbọ́ èyí tí awọ kò gbọ́. Ẹ má béèrè pé, “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?” Àgbà tí kò fẹ́ dààmú ọmọ rẹ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọn kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹsẹ̀ wọn ti wà nínú ewu, kí ẹ mú wọn lọ rí dókítà.

Láti ọjọ́ yẹn, òfin mìíràn ni ẹsẹ̀ náà yóò máa tẹ̀ lé. Kò gbọ́dọ̀ wà ní òfìfo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ nínú yàrá. Kò gbọ́dọ̀ wọ báàfù omi gbígbóná tí a fi ń jó ẹsẹ̀ tó ń ro ni. Ìgúnpá ni kí a fi tọ́ omi wò, kí omi náà má sì pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kí a gbọn bàtà nù kí a tó wọ̀ ọ́, kí a fi ọwọ́ wá inú rẹ̀. Ní ọjà, ìrọ̀lẹ́ ni kí a ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí iwájú rẹ̀ gbòòrò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ di gìgísẹ̀ mú. Àti lálaalẹ́, kí ẹnì kan nínú ilé tan iná sí àtẹ́lẹsẹ̀ náà, kí ó wo àárín gbogbo ọmọ ìka. Bí kò bá sí ẹnì kan, dígí tí a gbé sílẹ̀ á ṣe é.

Bí ẹ bá rí egbò, ìbà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú, àwọ̀ tó ń yí sí dúdú, tàbí òórùn tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi àgbo wẹ̀ ẹ́, ẹ má da ìyẹ̀fun oògùn sí i, ẹ má sì dúró de ọjọ́ kejì. Láti Gbọ̀ngán, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, ọ̀nà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà sì là. Ẹ sọ ọjọ́ tí egbò bẹ̀rẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì mú bàtà tí ẹ ń wọ̀ dání. Dókítà tó bá rí ibi tí bàtà náà ti ń ha ẹsẹ̀ yóò mọ ibi tí egbò ti wá.